Irú òjò wo ló ń bọ̀?

Bí ẹ bá bi àgbẹ̀ kan ní Ejíòkú pé ṣé òjò rọ̀ lánàá, kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó sì dákẹ́. Ó lè ní ó kàn pa eruku ni. Ó lè ní ó rọ̀ títí tó fi wọ ilẹ̀, pé ẹni tó bá ní irúgbìn nílé kó gbé ọkọ́. Ó sì lè ní ọ̀wààrà ni, ó rọ̀ kíkankíkan, kò pẹ́ tó fi dá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó ń rán ni: ti àkọ́kọ́ ní ká ṣì jókòó, ti ìkejì ní ká lọ gbìn, ti ìkẹta ní ká lọ yẹ ebè wò bóyá àgbàrá ti wọ́ ọ lọ. Ẹ wá tan rédíò láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ẹ ó gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ ní àwọn apá kan ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí ni kí àgbẹ̀ fi ìyẹn ṣe?

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn ní ìgbèríko Ejíòkú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, mo sì ń ṣe láfún tà. Ẹni tó bá ń ṣe láfún kì í fi ọ̀rọ̀ òjò ṣeré. A ó bẹ ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, a ó fún un, a ó wá sá a sórí àpáta tàbí sórí tàpólíìnì. Bí ọ̀wààrà bá dé, wàhálà ìṣẹ́jú díẹ̀ ni: a ó sáré kó láfún pọ̀, a ó bò ó, bí òjò bá sì ti dá, a ó tún un tẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ wínníwínní tó ń kán láti àárọ̀ di alẹ́, tí oòrùn kò yọjú lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta, láfún á bu, á dúdú, á máa rùn, kò sì sí oníbàárà tó máa fọwọ́ kàn án. Òjò tó kéré jù lọ ló ń ṣe iṣẹ́ mi ní ìpalára tó pọ̀ jù lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìkéde ojú ọjọ́ tí kò sọ irú òjò tó ń bọ̀ kò tíì sọ ohun tó yẹ kó sọ fún ẹni tó ń ti inú ilẹ̀ jẹun. Àwọn baba àti ìyá wa ti ya òjò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Àwọn onímọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ wọn òjò náà ní iye tiwọn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí orúkọ àti iye jọ máa jáde lẹ́nu rédíò wa.

Ẹ jẹ́ ká mú ọdún láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè rí i pé orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti mú, ilẹ̀ ti gbẹ. Òjò àkọ́rọ̀ á dé láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Láti ìlà oòrùn ló ti máa ń ṣú wá, ìjì ló sì máa ń ṣíwájú rẹ̀. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ṣe ni pé lásìkò yẹn, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin tó ń ti orí òkun bọ̀ kò tíì nípọn lórí ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti ìhà aṣálẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Ìjà àwọn méjèèjì ló ń di ìjì, àrá àti mọ̀nàmọ́ná, tí wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọ́n á máa gba ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ìdí rèé tí àkọ́rọ̀ fi ń ṣí páànù orí ilé, tó ń wó ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó sì máa ń kó yìnyín wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnìkan bá pe òjò kan ní àkọ́rọ̀ fún wa, a ti mọ̀ pé ká kan páànù mọ́lẹ̀ dáadáa, ká má sì dúró sábẹ́ igi.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú orúkọ yẹn. Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ìgbín á jáde, olú á hù, ara gbogbo ẹni tó ní ọkọ́ á yá gágá. Ṣùgbọ́n ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kó tún pòórá fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Àgbàdo tó ti hù á rọ, á kú. Èyí tí kò tíì hù á di oúnjẹ èèrà. Àgbẹ̀ á tún ra irúgbìn, á tún san owó alágbàṣe. Àwọn àgbà tí mo bá lóko kì í tìtorí ariwo àrá gbìn. Wọ́n á fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ọ̀rinrin ti wọ ìsàlẹ̀. Ìkéde tó bá sọ fún wọn pé àkọ́rọ̀ ọdún yìí máa dá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tún bẹ̀rẹ̀, owó gidi ló kó fún wọn yẹn.

Láti oṣù karùn-ún wọ oṣù keje, òjò ti jókòó. Nígbà náà la máa ń bá àrọ̀ìdá pàdé, òjò tí kò le ṣùgbọ́n tí kò ní dá. Ẹ lọ sí Ọ̀nà-Àrà, ní ìhà Àkànrán, níbi tí kòkó ṣì wà, kí ẹ bi wọ́n léèrè. Àìsàn kan wà tó fẹ́ràn ọ̀rinrin àti òtútù, òun ló ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi títí tó fi máa jẹrà. Ọjọ́ tí ọ̀wààrà rọ̀ tí oòrùn sì yọ, igi á gbẹ, àìsàn náà kò ní ráyè tó bẹ́ẹ̀. Àrọ̀ìdá ló ń fún un láyè. Òògùn tí wọ́n ń fọ́n sí kòkó náà nílò àkókò láti gbẹ. Bí òjò bá rọ̀ lé e lórí láìpẹ́, owó ti bá omi lọ. Nítorí náà, olóko kòkó kì í béèrè pé ṣé òjò máa wà lọ́sẹ̀ yìí. Ó ti mọ̀ pé òjò máa wà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó máa dá fún òun láti àárọ̀ di ọ̀sán kí òun lè fọ́n òògùn.

Bí oṣù keje bá ń parí lọ, òjò máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ òkun àti ti aṣálẹ̀ ti ń pàdé ti lọ jìnnà sí àríwá, omi òkun tó wà ní ìhà gúúsù wa náà ti tutù. Ojú ọjọ́ á ṣú dẹ̀dẹ̀ láìrọ̀, tàbí kó máa kán wínníwínní. Àgbàdo tútù ti kún ọjà, àgbẹ̀ ń ya ti gbígbẹ, ó sì ń tún ilẹ̀ ṣe fún gbígbìn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ènìyàn ló ti gbà pé oṣù kẹjọ ni òjò ń sinmi.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ yìí kan náà ni omíyalé méjì tí Ìbàdàn kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ Àìkú, ni odò Ògùnpa kún bo ilé àti ọjà, tó sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ọjọ́ Ẹtì, òjò tó lé ní mìlímítà 187 rọ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú, afárá wó, ọ̀nà já, ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí àárín ìgboro: ó kan àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀yìn ìlú bíi Ọ̀nà-Àrà àti Ẹgbẹ́dá. Ìjàǹbá yẹn ló mú kí Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó tó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là ní ọdún 2014 fún iṣẹ́ ìdènà àgbàrá ní Ìbàdàn. Àwọn àgbà sọ pé àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Báwo ni onílé ṣe fẹ́ kọ̀ fún un bí kò bá mọ irú òjò tó ń bọ̀?

Mìlímítà 187. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ kíláàsì karùn-ún. Mìlímítà kan túmọ̀ sí lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Òjò ọjọ́ yẹn jẹ́ bíi kí ènìyàn da kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méje àbọ̀ sórí ilẹ̀ tí kò ju ojú ẹní kékeré kan lọ. Lórí púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100, omi náà ju ẹrù ọkọ̀ tańkà onílítà 10,000 mẹ́jọ lọ. Púlọ́ọ̀tì kan péré nìyẹn o. Ẹ wá ro ti gbogbo òkè àti ilé tí omi wọn ń ya lọ sínú odò kan. Bí wọ́n bá sọ fún ìyá kan ní etí odò pé mìlímítà 187 ń bọ̀, á máa bá ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sọ fún un pé kẹ́ẹ̀gì méje àbọ̀ máa dà sórí gbogbo mítà kan ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, á kó àwọn ọmọ rẹ̀ gun òkè.

Lẹ́yìn oṣù kẹjọ, òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì á bẹ̀rẹ̀, á sì rọ̀ títí wọ oṣù kẹwàá, oṣù tí kàlẹ́ńdà Yorùbá ń pè ní Ọ̀wàrà. Àrọ̀kúrò ló máa ń kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Òun ló ń bu omi fún àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì kó lè gbó, òun náà ló sì ń sọ fún àgbẹ̀ pé àsìkò ti tó láti sá nǹkan, kó má sì gbin ohun tí kò ní rí omi mu mọ́. Bíbélì Yorùbá odindi, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1884, lo àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò láìjanpata. Ọ̀rọ̀ ẹnu àgbẹ̀ ni méjèèjì. Ìwé tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń kà gba orúkọ wọ̀nyí wọlé ní ohun tó lé ní 140 ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ a kò tíì máa gbọ́ wọn dáadáa nínú ìkéde ojú ọjọ́.

Ẹ wo ohun tí àwọn ará Jámánì ṣe. Òjò kò jìnnà sí wọn, orúkọ rẹ̀ sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Nieselregen ni wọ́n ń pe wínníwínní. Schauer ni òjò tó rọ̀ fúngbà díẹ̀ tó dá; bó bá ya lulẹ̀ lójijì, Platzregen ni. Landregen ni èyí tó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbòòrò tí kò sì yára lọ, Dauerregen sì ni àrọ̀ìdá tiwọn. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé àti awakọ̀. Àjọ ojú ọjọ́ wọn, Deutscher Wetterdienst, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Offenbach, kò sọ pé èdè yìí kò bá ìmọ̀ mu. Ó mú nínú rẹ̀, ó sì fi iye sí i. Bí òjò líle bá máa tó lítà 15 sí 25 lórí mítà kan ilẹ̀ láàárín wákàtí kan, ìkìlọ̀ á jáde. Bó bá ju 25 lọ, ìkìlọ̀ á le sí i. Fún àrọ̀ìdá, lítà 25 sí 40 láàárín wákàtí 12 ni ìkìlọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé iye kan náà, lítà 25, ní ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ bó bá rọ̀ ní wákàtí kan àti bó bá rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Orúkọ òjò ló ń fi ìyàtọ̀ yẹn hàn.

Síbẹ̀, iye kò gba àwọn náà là tán. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2021, omi ya bo àfonífojì odò Ahr àti àwọn ibòmíràn níbẹ̀, ó sì lé ní 180 ènìyàn tó kú ní Jámánì. Àjọ náà ti kìlọ̀ ṣáájú pé òjò lè tó lítà 200 lórí mítà kan ilẹ̀ ní àwọn ibì kan. Ìkìlọ̀ wà, kò wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣètò pé kí ìkìlọ̀ máa dún lórí gbogbo fóònù tó bá wà ní agbègbè ewu, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2023. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí iye bá dá jáde láìní ọ̀rọ̀ tó ń ru ènìyàn dìde, ó lè kọjá lẹ́bàá etí ẹni tí ikú ń wá.

N kò sọ pé wọn kò ṣe nǹkan kan nílé. NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún nípa ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó máa parí, iye tó máa rọ̀ àti àwọn ọ̀gbẹlẹ̀ kékeré tó máa wà láàárín. Wọ́n ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, Hausa àti Igbo. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì kí wọn. Àmọ́ ìtumọ̀ nìkan kò tó. Ẹni tó ń túmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó ti àgbẹ̀ kó mọ̀ pé "òjò níwọ̀ntúnwọ̀nsì" kò ní itú tó ń pa ní ìlú àgbẹ̀ bíi Ẹ̀rúnmu, pé àwọn tó wà níbẹ̀ á béèrè pé ṣé ó máa wọ ilẹ̀ àbí ó máa pa eruku.

Àwọn kan á ní ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ní fóònù, pé fóònù ń sọ òjò. Fóònù ń fi ìkúukùu kékeré kan àti 80 nínú 100 hàn. Àwọn aládùúgbò mi kan gbà pé òjò tó gba 80 máa pọ̀ ju èyí tó gba 30 lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe dájú tó pé òjò máa rọ̀ ni iye yẹn ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa bó ṣe máa pọ̀ tó. Wínníwínní lè gba 90, kí ìjì àkọ́rọ̀ tó máa ṣí ilé gba 40. Àwọn mìíràn á ní orúkọ òjò yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé rédíò agbègbè ló yẹ kó ṣe é. BCOS, iléeṣẹ́ rédíò ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ti wà ní Ìbàdàn tipẹ́, àwọn iléeṣẹ́ rédíò mìíràn sì ti pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ Yorùbá láti òwúrọ̀ di òru. Kí ti Ìbàdàn lo èdè Ìbàdàn, kí ti Èkìtì lo èdè Èkìtì. Ẹni tó bá sì ní Ọlọ́run ló ni òjò, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run náà ló fún wa lójú tí a fi ń rí i nígbà tó bá ṣú.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò gba owó rẹpẹtẹ. Àkọ́kọ́, kí ohun èlò ìwọnjò wà ní olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá àti Àkànrán, kí ẹnìkan máa kà á láràárọ̀. IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ń wọn òjò lórí ilẹ̀ tirẹ̀ ní Akínyẹlé, ṣùgbọ́n òjò tó bá rọ̀ níbẹ̀ kò sọ ti Àkànrán fún wa. Òjò a máa rọ̀ ní Lálúpọn kí Ejíòkú má rí ẹ̀kán kan. Ìkejì, kí àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dá sí i. Agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba, tí a gbé sí gbangba níbi tí igi àti òrùlé kò ti ṣíji bò ó, àti rúlà, ti tó láti wọn òjò. Èmi àti àwọn ọmọ ìwé mi ṣe é. Ọmọ tó bá fi rúlà wọn ọ̀wààrà kan rí á mọ ohun tí mìlímítà 30 jẹ́ títí ayé. Ìkẹta, kí NiMet, àwọn olóòtú rédíò àti àwọn àgbẹ̀ jókòó pọ̀, kí wọ́n fi ìwé ìwọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún síwájú, kí wọ́n fẹnu kò lórí iye tí a ó máa pè ní wínníwínní, èyí tó wọ ilẹ̀, ọ̀wààrà àti àrọ̀ìdá, àti iye tí a ó ti máa ké sí àwọn tó wà létí odò pé kí wọ́n dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí náà ní ipa tiyín. Rédíò máa ń ṣí fóònù sílẹ̀ fún ará ìlú. Bí ẹ bá pè, ẹ bi wọ́n pé irú òjò wo ló ń bọ̀, pé ṣé ó máa ní ìjì, pé ṣé ó máa pẹ́, pé kẹ́ẹ̀gì mélòó ni. Bí a bá ń béèrè lọ́jọ́ gbogbo, wọ́n á wá ìdáhùn lọ. Ó yẹ kí ìdáhùn náà ti wà nílẹ̀ kí àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ tó dé.